Ẹ̀rù Ń Bà Wá, Ṣùgbọ́n Iṣẹ́ Ìlú Kò Gbọdọ̀ Dúró

Ní ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola wọ ilẹ̀ Sierra Leone, tí ó ń pa bàbá tí ó sì ń pa ọmọ nínú agboolé kan náà, ohun tí ó ṣòro jù fún àwọn ará ilẹ̀ náà kì í ṣe ọwọ́ fífọ̀, kì í sì í ṣe kí wọ́n jìnnà sí aláìsàn. Òkú sísin ni. Gẹ́gẹ́ bí ó ti rí láàrin àwa Yorùbá, wọ́n gbà pé òkú ẹni kò gbọdọ̀ wọlẹ̀ láìwẹ̀, láìdì, láìsí ọwọ́ ọmọ tí ó kàn án gbẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ara òkú gan-an ni àrùn náà ti máa ń lágbára jù, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá fi ìfẹ́ wẹ òkú ìyá rẹ̀ lónìí lè jẹ́ ẹni tí àwọn mìíràn yóò máa sunkún rẹ̀ kí oṣù tó yí. Ìjọba ṣòfin, àwọn dókítà kéde lórí rédíò, àwọn tí ń sin òkú sì ń bọ̀ pẹ̀lú aṣọ tí ó bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ìdílé kan gbé òkú wọn pamọ́, wọ́n sì sin ín lóru, nítorí ẹ̀rù àrùn bà wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kí a sin ìyá ẹni bí ẹni tí kò bímọ ju ti àrùn lọ.

Ní ìlú Bo, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ náà, obìnrin òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re kan wà, Hannah Bockarie ni orúkọ rẹ̀, tí òun àti Beate Ebert, onímọ̀ nípa ọkàn láti ilẹ̀ Jámánì, ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú ẹgbẹ́ tí a ń pè ní commit and act kí àrùn náà tó dé. Òfin kọ́ ni ẹgbẹ́ yìí fi ṣáájú. Wọ́n pe àwọn ará àdúgbò jókòó, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí ó ṣe iyebíye sí wọn nínú ìsìnkú, ohun tí ó ń bà wọ́n lẹ́rù, ohun tí ẹ̀rù náà ń mú wọn ṣe, àti ohun tí wọ́n lè ṣe tí yóò bu ọlá fún òkú tí kò sì ní pa alààyè. Inú irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n kan ti jáde: wọ́n fi ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rọ́pò òkú, wọ́n ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún un, wọ́n sì fi í dágbére fún ẹni wọn tí ó lọ. A máa ń wí nílẹ̀ Yorùbá pé ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tó ohun tí à ń pọ́n àdá sí. Ṣùgbọ́n ní Bo ní àkókò náà, ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbé ọlá òkú, ó sì gba ọwọ́ alààyè kúrò lẹ́nu ikú.

Ìtọ́jú ọkàn tí wọ́n mú lọ sí Bo ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Acceptance and Commitment Therapy, tí wọ́n gé kúrú sí ACT, èyí tí a lè pè ní ìtọ́jú nípa gbígbà àti ìpinnu. Nítorí àwọn tí àníyàn, ìrẹ̀wẹ̀sì tàbí ìrora ara ń dà láàmú ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn tí ọ̀rọ̀ ìlú àti ti àyíká jẹ lógún ti ń yà sí ìdí rẹ̀, nítorí wọ́n rí i pé ohun tí ń dá ẹnì kan dúró nínú yàrá rẹ̀ náà ni ó lè dá odidi ìlú dúró lójú iṣẹ́ àtúnṣe. Ohun tí mo gbà gbọ́, tí mo sì fẹ́ kí òǹkàwé bá mi yẹ̀ wò, ni pé kì í ṣe ìgbà tí ẹ̀rù bá tán ni a ó tó ṣiṣẹ́ fún ìlú. Ènìyàn lè gbé ẹ̀rù dání, kí ó gbé ìbànújẹ́ dání, kí iṣẹ́ sì máa lọ. Àwọn baba wa ti pa á lówe pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tí ohùn há sí lọ́fun

Ẹni tí ó ṣe olórí àwọn tí ó dá ìtọ́jú yìí sílẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Steven Hayes ti Yunifásítì Nevada ní ìlú Reno, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ara òun fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà sì ti kọ́kọ́ ṣẹ. Ní ọdún 1978, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́ ní Greensboro ní ìpínlẹ̀ North Carolina, ó jókòó sí ìpàdé kan níbi tí àwọn àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀ka ìmọ̀ rẹ̀ ti ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ kíkankíkan. Ó nawọ́ pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yọ̀ǹda fún un, tí gbogbo ojú yí sí i, tí ó la ẹnu, ohùn kò jáde, àyà rẹ̀ sì ń lù kì-kì-kì. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń sá: ó ń sá fún ìpàdé, ó ń sá fún ibi tí èrò bá pọ̀ sí, ó sì ń wá ọgbọ́n tí kò fi ní dúró sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀, bí ó sì ti ń sá ni ẹ̀rù náà ń gba ilẹ̀ sí i, títí ibi tí ó lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nínú ayé fi kù díẹ̀. Onímọ̀ ọkàn ni, gbogbo oògùn ẹ̀rù tí ó mọ̀ ni ó sì lò fún ara rẹ̀, kò jẹ́. Ìgbà tí ó tó pinnu pé òun kò ní sá mọ́, pé kí àyà máa lù bí ó bá fẹ́ lù, òun yóò ṣe ohun tí òun ní í ṣe, ni ayé rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò padà. Ìrírí yìí, pẹ̀lú ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún, ni ó bí ìwé tí òun, Kirk Strosahl àti Kelly Wilson jọ tẹ̀ jáde ní 1999, èyí tí ó fi ìdí ACT múlẹ̀.

Ẹ̀ka mẹ́fà ni ìtọ́jú náà ní, okùn kan ṣoṣo ni ó sì so gbogbo wọn pọ̀. Èkíní ni kí a gba ohun tí ń dun ọkàn láyè láti wà, láìbá a jà, láìtì í síta. Èkejì ni kí a máa rí èrò gẹ́gẹ́ bí èrò, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí àṣẹ: ẹni tí ó ń wí pé “Ìlú yìí kò lè dára mọ́ láé” ni a ó ní kí ó tún un wí pé “Ọkàn mi ń sọ fún mi pé ìlú yìí kò lè dára mọ́ láé”, ẹni tí ó bá sì dán an wò yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò parẹ́, ṣùgbọ́n àyè díẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ láàrin òun àti ọ̀rọ̀ náà, inú àyè yẹn ni ẹsẹ̀ sì ti lè gbéra. Ẹ̀kẹta ni kí a dá ọkàn padà sí ibi tí ara wà, nítorí ọkàn tí ń bẹ̀rù a máa gbé inú ọ̀la, èyí tí ó sì ń kábàámọ̀ a máa gbé inú àná, bẹ́ẹ̀ òní nìkan ni ọwọ́ ẹ̀dá lè tó. Ẹ̀kẹrin ni kí a mọ̀ pé ẹni tí ó ń wo ìbẹ̀rù kì í ṣe ìbẹ̀rù náà. Mo ti wà kí ẹ̀rù yìí tó dé, n ó sì wà nígbà tí òmíràn bá dé. Ẹ̀karùn-ún ni kí ènìyàn mọ ohun tí ó ṣe iyebíye sí òun, èyí tí yóò fẹ́ kí a fi rántí òun lẹ́yìn tí orúkọ oyè bá ti di ti ẹlòmíràn. Ẹ̀kẹfà, èyí tí gbogbo ìyókù ń ṣiṣẹ́ fún, ni kí ó gbé ìgbésẹ̀ sí ọ̀nà ohun iyebíye náà, kí ó sì tún gbé òmíràn bí ti àkọ́kọ́ bá kùnà.

Ẹ̀rù tí ó ní ìdí

Ọ̀pọ̀ ìtọ́jú ọkàn mìíràn ni ó máa ń bi aláìsàn léèrè pé, ǹjẹ́ òtítọ́ ni ohun tí ó ń bà ọ́ lẹ́rù yìí? Ìbéèrè náà dára fún ẹni tí ó rò pé gbogbo ayé ni ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó ń wo òun. Ṣùgbọ́n ẹ mú ìbéèrè yìí lọ sí Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú tí ìjọ àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò gẹ́gẹ́ bí ìlú ayọ̀, níbi tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀, tí ó ń gbé ilé mì, tí àwọn tí a bí síbẹ̀ sì lè nawọ́ sí ojú omi kí wọ́n wí pé ibẹ̀ yẹn ni ilé baba wa wà. Ta ni yóò wí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé àlá ni ó ń lá? Ẹ̀rù rẹ̀ ní ìdí, ìbànújẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀tọ́. Ìdí nìyí tí ìtọ́jú tí ó dá lórí gbígbà fi bá ọ̀rọ̀ ìlú àti ti àyíká mu: kì í bá ẹni tí ẹ̀rù ń bà jiyàn pé ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe òtítọ́, ohun tí ó ń bi í ni pé, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rù yìí ti wà, kí ni o fẹ́ fi ọwọ́ rẹ ṣe?

Kì í ṣe etí òkun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ní 2021, àwọn onímọ̀ tí Caroline Hickman jẹ́ aṣáájú wọn tẹ ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti bi 10,000 ọ̀dọ́ láàrin ọmọ ọdún 16 sí 25 léèrè nípa ìyípadà ojú ọjọ́, ní orílẹ̀-èdè mẹ́wàá, tí Nàìjíríà, Brazil àti Bìrìtìkó wà lára wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀dọ́, 59 ni ó wí pé àníyàn náà pọ̀ lọ́kàn wọn tàbí pé ó pọ̀ jọjọ, 75 wí pé ọjọ́ iwájú ń bà wọ́n lẹ́rù, àwọn tí ó sì lé ní 45 wí pé ohun tí ọkàn wọn ń rò yìí ń pa iṣẹ́ òòjọ́ wọn lára. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n, a máa ń wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìró ogun náà bá gba ọkàn arọ débi pé kò lè wọ́ mọ́, kí ni àgbọ́tẹ́lẹ̀ yóò ṣe fún un?

Ẹ wá wo Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé. Àwọn tí ó dàgbà níbẹ̀ kò gbàgbé 31 August 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún àkúnya, tí ó gbé ilé, tí ó gbé ọkọ̀, tí ó sì gbé ènìyàn lọ, tí ọjọ́ náà fi di Omíyalé lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Ní 26 August 2011, àgbàrá tún ya ìgboro, ẹ̀mí tí ó lé ní 100 ni ó sì bá a lọ. Gbogbo ará ìlú mọ̀ pé àpọ̀jù òjò nìkan kọ́. Ilé tí a kọ́ sójú ọ̀nà omi wà níbẹ̀, gọ́tà tí ọ̀rá píọ́ wọ́tà àti ike dí wà níbẹ̀, ilẹ̀ tí a ń kó dà sódò bí òjò bá ti ṣú sì wà níbẹ̀. Bí a bá wá mọ̀ báyìí, kí ni ó dé tí ọwọ́ wa kò ṣe yá sí i?

Àwọn kan ń sọ pé àìbìkítà ni, èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òjò bá ń bọ̀ lóru, tí baálé ilé bá dìde tí ó ń fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu ọ̀nà, a kò lè pe ẹni bẹ́ẹ̀ ní aláìbìkítà. Ọ̀rọ̀ náà ni ó tóbi jù ú lọ, tí ó dùn ún jù, tí ó sì wá ọ̀nà tí kò fi ní máa dùn ún. Ọ̀nà náà sì pọ̀. Ẹnì kan a pa rédíò bí wọ́n bá ti dárúkọ omíyalé. Ẹnì kejì a fi gbogbo ọjọ́ bú ìjọba, nítorí ìbínú fúyẹ́ láti gbé ju ìbànújẹ́ lọ. Ẹnì kẹta a fi àdúrà rọ́pò ọkọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà wa tí wọ́n mọ àdúrà jù wá lọ ni wọ́n wí pé Ọlọ́run ní kí a dìde kí òun lè ràn wá lọ́wọ́. Ẹ má sì ṣe gbàgbé ẹnì kẹrin, tí a kì í fura sí, ẹni tí ó ń sá nípa iṣẹ́ àṣejù: òun ni ó wà nínú gbogbo ìgbìmọ̀, òun ni kì í sùn, kì í sinmi, nítorí pé bí ó bá jókòó pẹ́nrẹ́n, ẹ̀rù náà yóò bá a, láìpẹ́ àárẹ̀ yóò mú un, yóò kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ yóò sì pàdánù ẹni rere.

Ọ̀mọ̀wé Maria Ojala ní ilẹ̀ Sweden ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ṣe ń bá àníyàn ojú ọjọ́ gbé, ohun tí ó sì rí bá èyí mu. Àwọn tí ó ń fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ náà kì í sábà ṣe nǹkan kan sí i. Àwọn tí ó dojú kọ wàhálà náà ní tààràtà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn wọn máa ń gbọgbẹ́. Àwọn tí ó rí ìtumọ̀ nínú iṣẹ́ náà, tí wọ́n mọ̀ pé òtítọ́ ni ewu, tí wọ́n sì mọ̀ pé àwọn mìíràn ń bá wọn ṣe é, àwọn ni ó ń ṣiṣẹ́ tí ọkàn wọn sì ń rí ìtura.

Awakọ̀ àti àwọn èrò ẹ̀yìn ọkọ̀

Àkàwé kan wà tí àwọn tí ń kọ́ni ní ìtọ́jú yìí fẹ́ràn, ó sì wọ etí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ dáńfó rí. Wọ́n ní kí ènìyàn rí ara rẹ̀ bí awakọ̀ tí ó ń lọ sí Ọbáléńdé, tí àwọn èrò kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tí wọn kò jẹ́ kí ó gbádùn. Ọ̀kan ń kígbe pé, “O ò lè débẹ̀!” Èkejì ní, “Ta ni ó rán ọ níṣẹ́?” Ẹ̀kẹta ní, “Àwọn tí ó lówó jù ọ́ lọ ti gbìyànjú rẹ̀, wọ́n sì tẹ́!” Bí awakọ̀ náà bá dúró, tí ó sọ̀kalẹ̀ láti bá wọn jà kí wọ́n lè bọ́ sílẹ̀, ọkọ̀ kò lọ mọ́. Bí ó bá sì bá wọn ṣàdéhùn pé òun yóò máa wà á sí ibi tí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n ṣáà ti dákẹ́, wọn yóò dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà Ọbáléńdé ti bọ́. Ọ̀nà kẹta ni ìtọ́jú yìí ń kọ́ni: kí awakọ̀ gbọ́ ariwo wọn, kí ó mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ó fi wọ́n sílẹ̀ lórí ìjókòó wọn, kí ó sì di ọwọ́ ọkọ̀ mú. Ariwo ni agbára wọn mọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè gba ọwọ́ ọkọ̀ láìjẹ́ pé awakọ̀ fi lé e lọ́wọ́.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé inú yàrá tútù lásán nìyí, kí ó gbọ́ ti àwọn obìnrin ilẹ̀ South Sudan tí ogun lé kúrò nílé, tí wọ́n sá wọ ilẹ̀ Uganda, ní ibùdó tí a ń pè ní Rhino Camp. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣe ìtọ́jú yìí ní ẹ̀yà tí ó rọrùn, ìpàdé márùn-ún péré, tí wọ́n gba ohùn ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè Lárúbáwá ti Juba, tí wọ́n sì fi ìwé alàwòrán tì í lẹ́yìn, kí ẹni tí kò mọ̀wé náà lè bá wọn kẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tí ó darí ìpàdé kì í ṣe dókítà. Ará àdúgbò tí wọ́n kọ́ fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n. Obìnrin 694 láti abúlé 14 ni ó kópa nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020: àwọn kan gba ẹ̀kọ́ náà, àwọn kan gba ìrànlọ́wọ́ tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọkàn àwọn tí ó gba ẹ̀kọ́ ti fúyẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ. Ogun kò tíì parí nílé wọn, ibùdó náà sì ni wọ́n ṣì wà, síbẹ̀ wọ́n rí àyè mí, wọ́n sì rí agbára dìde sí ohun tí ó kàn wọ́n. Ní ọdún náà gan-an ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìwé alàwòrán náà síta fún gbogbo ayé.

Ìlà méjì lórí ilẹ̀

Bí ẹgbẹ́ kan, ìjọ kan, tàbí àwọn onílé àdúgbò kan bá fẹ́ lo ọgbọ́n yìí, kò dìgbà tí wọ́n bá ná owó. Onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Kevin Polk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ gbogbo rẹ̀ di àwòrán kan tí a lè fi igi yà sórí ilẹ̀: ìlà kan tí ó lọ sókè, ìlà kan tí ó dábùú rẹ̀, tí igun mẹ́rin fi jáde. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé àwọn ará àdúgbò kan lẹ́bàá Ògùnpa jókòó yí i ká ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́ onílé.

Igun kìíní, ní apá ọ̀tún nísàlẹ̀, ni a ti ń béèrè pé ta ni, kí sì ni, ó ṣe iyebíye sí wa níhìn-ín? Ìyá kan yóò wí pé àwọn ọmọ tí ń gba orí afárá yẹn lọ sí iléèwé ni. Télọ̀ yóò wí pé ṣọ́ọ̀bù òun tí omi ti wọ̀ rí ni. Baba àgbà kan yóò wí pé òun kò fẹ́ kí wọ́n máa pe ibi tí a bí òun sí ní ibi ẹ̀gbin. Igun kejì, ní apá òsì nísàlẹ̀, wà fún ohun tí ń bẹ nínú tí ó ń dí wa lọ́wọ́, ibẹ̀ sì ni ìpàdé máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí ẹnì kan tó la ẹnu pé ẹ̀rù ń ba òun pé bí a bá ro gọ́tà lónìí, wọn yóò tún dà á síbẹ̀ lọ́la. Ẹlòmíràn a jẹ́wọ́ pé ojú ń ti òun, kí àwọn ẹgbẹ́ òun má baà rí òun pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Ẹnì kan tí omi gbé àbúrò rẹ̀ lọ a wí pé láti ọjọ́ náà òun kò lè wo odò yẹn pẹ́. Ẹ má ṣe yára tu ẹni bẹ́ẹ̀ nínú. Ẹ má ṣe wí pé kí ó mọ́kàn. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, nítorí ìbànújẹ́ tí a fi hàn láwùjọ tí a kò lé padà, gbogbo àwùjọ ní í bá ni gbé e.

Igun kẹta, ní apá òsì lókè, ni a ń kọ ohun tí a máa ń ṣe nígbà tí ẹ̀rù bá dé: a máa ń tilẹ̀kùn, a máa ń ṣépè fún káńsù, a máa ń fi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí a tó lọ sùn. A kì í bú ẹnikẹ́ni nípa èyí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a ń bi ara wa, pé nígbà tí a ṣe bẹ́ẹ̀, ǹjẹ́ ó mú wa sún mọ́ ohun tí a kọ sí igun kìíní? Igun kẹrin, ní apá ọ̀tún lókè, ni iṣẹ́ wà: kí ilé mẹ́wàá dáwó ra agbọ̀n ìdalẹ̀sí kan; kí a ro ojú gọ́tà láti ilé ẹlẹ́ran dé orí afárá ní gbogbo Sátidé kìíní oṣù; kí a kọ lẹ́tà sí káńsù pẹ̀lú orúkọ gbogbo onílé lábẹ́ rẹ̀, kí a sì padà lọ bí wọn kò bá dáhùn; kí ẹni tí kò lè wo odò máa bá wa kọ orúkọ àwọn tí ó wá. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tí ẹ̀rù bá tún dé ní Sátidé iṣẹ́ tí ó tẹ̀ lé e, tí ọkàn ń wí pé asán ni, a ti mọ igun tí ó jókòó sí, a ó jẹ́ kí ó jókòó síbẹ̀, a ó sì gbé ṣọ́bìrì.

Ohun tí ìtọ́jú yìí kì í ṣe

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí kí ó yé ni: gbígba ìbànújẹ́ láyè kì í ṣe gbígba ìyà láyè. Ẹni tí iléeṣẹ́ kan da epo sínú odò rẹ̀, kò sí ìtọ́jú kan tí ó yẹ kí ó kọ́ ọ láti fi ara mọ́ epo. Ohun tí yóò gbà ni ìbínú àti ìrora tirẹ̀, kí ó lè fi orí pípé gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́, sí ilé aṣòfin, àti sí etí ayé. Bí ìjọba tàbí ọlọ́lá kan bá ń wí fún àwọn tí ìyà ń jẹ pé kí wọ́n lọ kọ́ sùúrù ọkàn, kí òun lè máa bá ìwà rẹ̀ lọ, ó ti yí ọgbọ́n yìí po, a sì gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: ìwòsàn ọkàn àwọn ará ìlú kò lè rọ́pò odò tí a tún ṣe, òfin tí ó múlẹ̀, àti ìdènà tí ó yẹ kí ó wà láàrin òkun àti ilé ènìyàn.

Bákan náà, ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti mú débi pé kò lè jẹun, kò lè sùn, tàbí tí ó ń ro ikú, kì í ṣe orí ìwé ìròyìn ni yóò ti gba ìtọ́jú. Kí àwọn ará ilé rẹ̀ mú un lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn láìjáfara. Nílẹ̀ wa kò yẹ kí èyí ti ẹnikẹ́ni lójú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, ọmọ Lísàbí, ni ó bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò ní 1954, nínú èyí tí àwọn aláìsàn ọkàn ń gbé láàrin àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, tí ẹbí wọn wà lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n sì ń bá wọn ṣiṣẹ́ bí ọmọ ènìyàn, dípò kí a tì wọ́n mọ́lé. Àwọn oníṣègùn ayé wá ń wo Arò kọ́gbọ́n, Lámbò fúnra rẹ̀ sì di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ohun tí ó mọ̀ nígbà náà ni ìrírí Bo àti ti Rhino Camp tún fi hàn wá lónìí, pé ọkàn tí ó gbọgbẹ́ a máa sàn dáadáa níbi tí ó bá ti rí ènìyàn, tí ó sì ti rí iṣẹ́ tí ó ní láárí.

Ẹ jẹ́ kí a rántí Dókítà Stella Ameyo Adadevoh, àrọ́mọdọ́mọ Herbert Macaulay, ẹni tí Ebola yìí kan náà bá ní ilé ìwòsàn kan ní Ọbáléńdé ní July 2014. Àwọn aláṣẹ orílẹ̀-èdè mìíràn ń fúngun mọ́ ọn pé kí ó jẹ́ kí aláìsàn tí ó gbé àrùn náà wọ ilé ìwòsàn náà máa lọ. Ó kọ̀, nítorí ó mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí àrùn náà bá bọ́ sínú èrò Èkó. Ó jẹ́ oníṣègùn, kò sí ẹni tí ó nílò láti sọ ewu náà fún un. Ní 19 August, àrùn náà pa á. Ní 20 October, a kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ Ebola, lẹ́yìn tí ó mú ènìyàn 20 péré nínú gbogbo orílẹ̀-èdè wa. Ìtọ́jú kankan kọ́ ni ó kọ́ ọ ní èyí. Mo dárúkọ rẹ̀ kí a lè mọ bí ó ti rí nígbà tí ènìyàn bá mọ ewu dájú, tí ó sì tún mọ ohun tí ó ṣe iyebíye sí i dájú, tí ó sì jẹ́ kí ìkejì ṣe olórí fún ìkíní.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, a kò ní kí o gba gbogbo ayé là, ẹ̀rù rẹ sì lè má lọ bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Mú ohun kan tí ó ń dùn ọ́ jù nípa ìlú rẹ, ìbáà ṣe odò, ìbáà ṣe iléèwé, ìbáà ṣe igbó tí wọ́n ń gé run. Sọ ọ́ jáde fún ẹnì kan tí ọkàn rẹ balẹ̀ sí, bí ó ti rí gan-an, láìbò ó. Kí ẹ̀yin méjèèjì mú ọjọ́ kan àti iṣẹ́ kan tí ó kéré tó èyí tí ẹ lè parí. Nígbà tí ọjọ́ náà bá pé, tí àyà rẹ bá ń já, má ṣe dúró kí ó dákẹ́ kí o tó jáde. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọwọ́ tí a ó kó jọ ni yóò sì máa gbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbọ̀n, kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́.